Extension tube wo ni ó yẹ kí n rà fún àwọn lẹ́ńsì tí mo ní?

Afẹ́kòkòrò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọkàn mi ti ń fà sí yíya àwọn nǹkan kéékèèké nítòsí: èèrà, ojú eṣinṣin, ìyẹ́ labalábá, àti òdòdó tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà mi, ìyẹn ojú tí ń gba àwòrán nínú rẹ̀, jẹ́ ti ìwọ̀n APS-C, lẹ́ńsì mẹ́ta ni mo sì ní: 18–55 mm tí ó bá kámẹ́rà wá, 50 mm f/1.8, àti 70–300 mm. Mo mọ̀ pé lẹ́ńsì macro, èyí tí a ṣe fún yíya nǹkan kéékèèké nítòsí, gan-an ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n agbára mi kò tíì ká a, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo extension tube tí a máa ń fi sí àárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Mo rí àwọn tí ó jẹ́ òrùka irin lásán, mo sì rí àwọn mìíràn tí wọ́n ní ojú irin wínníwínní aláwọ̀ wúrà, irú èyí tí ó wà ní ìdí lẹ́ńsì. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó gùn tó? Èwo nínú lẹ́ńsì mi ni ó sì yẹ fún un?

Àgbà Lẹ́ńsì:

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé tíúbù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrònú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́ńsì tí wọn yóò fi síwájú rẹ̀ ni ó ń pinnu ohun gbogbo. Kò sí dígí kankan nínú tíúbù, òfìfo ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń ṣe ni pé ó ń ti lẹ́ńsì jìnnà sí sẹ́ńsọ̀, bí lẹ́ńsì bá sì ṣe jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ tó ni yóò ṣe lè sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà tó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú gígùn tíúbù, kí ẹ fi iye mm tí a kọ sára lẹ́ńsì pín in. Tíúbù 25 mm lẹ́yìn lẹ́ńsì 50 mm yóò fún yín ní 0.5, ìyẹn ni pé ohun tí ó gùn ní mìlímítà 10 yóò gba mìlímítà 5 lójú sẹ́ńsọ̀. Ẹ ó wá fi ohun tí lẹ́ńsì náà lè ṣe fúnra rẹ̀ kún un, èyí tí ó máa ń jẹ́ nǹkan bí 0.15 lára ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì 50 mm. Àkójọ tí ó wọ́pọ̀ ni ti ẹlẹ́yọ mẹ́ta, 12, 20 àti 36 mm, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 68 mm. Bí ẹ bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn 50 mm yín, ẹ ó dé nǹkan bí 1.5, sẹ́ńsọ̀ yín tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 23 yóò sì máa rí ibi tí kò ju mìlímítà 15 lọ ní fífẹ̀. Èèrà tí ó gùn ní mìlímítà 5 yóò gba ìdámẹ́ta fọ́tò náà.

Ẹ fi ìṣirò kan náà wo àwọn tó kù. Tíúbù 36 mm lẹ́yìn 300 mm kò fi ju 0.12 kún un, èyí tí kò tó nǹkan. Ní ti 18 mm, iye náà tóbi lójú ìwé, ṣùgbọ́n ibi tí fókọ́ọ̀sì yóò bọ́ sí lè jẹ́ ojú dígí lẹ́ńsì gan-an tàbí inú rẹ̀. Mo dán an wò rí: iwájú lẹ́ńsì kan ewé, òjìji rẹ̀ sì bo òdòdó tí mo fẹ́ yà. 50 mm yín ni kí ẹ lò.

Ìyá Labalábá:

Ọ̀rọ̀ ojú irin yẹn ni èmi fẹ́ sọ, nítorí ojú mi ti rí nínú rẹ̀. Òrùka lásán ni mo kọ́kọ́ rà. Lẹ́ńsì òde òní tí kò ní òrùka f lára (nọ́ńbà f ni ó ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó), kámẹ́rà ni ó ń pàṣẹ fún un kí ó tó lè ṣí ihò rẹ̀ tàbí kí ó tó lè pa á dé díẹ̀. Bí àṣẹ kò bá ti rí ojú irin gbà kọjá, ẹnu ihò náà yóò wà ní ṣíṣí gbayawu, tàbí kí ó pa dé dé ibi tí ó kéré jù, gẹ́gẹ́ bí irú lẹ́ńsì náà bá ṣe rí. Tèmi ṣí gbayawu ní f/1.8. Nínú fọ́tò èèrà tí mo kọ́kọ́ yà, orí ìwo rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó mọ́ kedere, gbogbo ara rẹ̀ yòókù dàbí ohun tí a ń wò láàárín èéfín. Àwọn lẹ́ńsì kan sì wà tí òrùka fókọ́ọ̀sì wọn kì í ṣiṣẹ́ rárá bí iná kámẹ́rà kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ ra èyí tí ó ní ojú irin, tí ó sì jẹ́ ti ìdí kámẹ́rà yín gan-an. Àfi bí ẹ bá ní lẹ́ńsì àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí f rẹ̀ ni òrùka lásán fi tó.

Ẹ tún wo inú tíúbù náà kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ń dán, ìmọ́lẹ̀ yóò máa ta padà nínú rẹ̀, àwọ̀ fọ́tò yóò sì ṣá bí ti aṣọ dúdú tí ó ti gbó. Ẹ fi lẹ́ńsì sí i kí ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, ẹ dá a padà.

Ẹyinjú:

Mo gbà pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Àgbà Lẹ́ńsì lórí 50 mm, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí a gbàgbé 70–300 mm yẹn. Ní 1.5, ohun tí ẹ ń yà kò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ sí àárín lẹ́ńsì 50 mm, ó sì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ sí iwájú rẹ̀. Òdòdó yóò dúró, èèrà lè dúró. Labalábá kò ní dúró. Fún labalábá, ẹ wá lẹ́ńsì close-up tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì bíi fílítà, kí ó jẹ́ dioptre 2 (dioptre ni ìwọ̀n agbára dígí rẹ̀), kí ó sì jẹ́ onídígí méjì tí a lẹ̀ pọ̀. Ní 300 mm, yóò fún yín ní 0.6 láti nǹkan bí ìdajì mítà, kò sì ní jẹ ìmọ́lẹ̀ yín bí tíúbù ti ń jẹ ẹ́.

Àní, tíúbù ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀kan sí ọ̀kan, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ń yà gùn lójú sẹ́ńsọ̀ bí ó ti gùn gan-an, f/8 tí ẹ yàn ti ń ṣe bí f/16, ìdámẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ni ó sì kù. Kámẹ́rà yóò ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n shutter, ìlẹ̀kùn tí ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, yóò falẹ̀, nítorí náà ẹ lo fíláàṣì, kí ẹ fi bébà funfun bo ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀. Ẹ má kọjá f/11, nítorí pé bí ihò náà bá ti kéré jù, gbogbo fọ́tò kò ní mọ́ kedere mọ́. Ní f/8 yẹn, ibi tí yóò mọ́ kedere kò tó mìlímítà kan. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sójú kan, kí ẹ máa fi ara yín lọ síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ojú kòkòrò náà yóò fi mọ́.

Afẹ́kòkòrò:

Ẹ ṣeun gidigidi. Ẹlẹ́yọ mẹ́ta tí ó ní ojú irin ni n ó rà fún 50 mm, ti labalábá yóò tẹ̀ lé e. Ṣé mo lè fi 12 mm sílẹ̀ lára kámẹ́rà nígbà gbogbo kí n má baà máa tú u?

Àgbà Lẹ́ńsì:

Rárá o. Pẹ̀lú 12 mm lẹ́yìn 50 mm, ohunkóhun tí ó bá ti ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 26 lọ sí lẹ́ńsì kò ní mọ́, bí ó ti wù kí ẹ yí òrùka fókọ́ọ̀sì tó. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ ya òun, ẹ ó kọ́kọ́ tú u.