Dominica: alẹ́ tí ìjì Maria ṣí òrùlé lórí wa

Ẹ̀yin ará, Dominica tí mò ń sọ yìí kì í ṣe Dominican Republic o. Erékùṣù kékeré ni, tó wà láàárín Guadeloupe àti Martinique, tó jẹ́ kìkì òkè. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn nígbà tí ìjì Maria dé ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹsàn-án 2017.

Ìpele kìíní nínú ìwọ̀n agbára ìjì ni wọ́n ṣì ń pè é lálẹ́ àná rẹ̀. Àmọ́ omi òkun tó gbóná ni oúnjẹ irú ìjì bẹ́ẹ̀. Kó tó kàn wá, ó ti di ìpele karùn-ún, kò sì sí ìpele mìíràn lókè ìyẹn. Màmá onílé mi ti rí ìjì David ní 1979, kò dúró de ohun tí rédíò máa sọ. Ó ní kí n pọn omi kún gbogbo garawa, kí n fi ọ̀rá wé ìwé ìrìnnà mi, kí n sì wá sínú balùwẹ̀ òun, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n da kọnkéré lé lórí.

Ariwo yẹn! Etí mi ń dí, ó ń là. À ń gbọ́ bí páànù ṣe ń ṣí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, màmá sì ń gbàdúrà ní Kwéyòl, èdè ìbílẹ̀ wọn. Lóru yẹn kan náà ni Roosevelt Skerrit, olórí ìjọba wọn, kọ ọ́ sórí Facebook pé òrùlé ilé òun náà ti lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkè ni mo kọ́kọ́ wò. Morne Diablotins tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ ti pọ́n rúsúrúsú bí ibi tí iná jó. Kò ku ewé lórí igi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Saint Lucia. Màmá sin mí dé etíkun, ó fún mi ní gbẹ̀rẹ̀fùtù sísun. Ó ṣì ń dùn mí. Èmi ń rí ibi lọ, òun ń padà sílé tí kò lórùlé.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Roseau, olú ìlú Dominica, lèmi àti ọkọ mi wà nígbà ìjì Erika, oṣù Kẹjọ 2015. Òjò ni tiwa. Ilẹ̀ ya ní Petite Savanne débi pé wọ́n kó gbogbo abúlé náà kúrò, ìjọba sì kọ́lé fún wọn ní Bellevue Chopin. Ìyá tó ń ta kókò fún mi lọ́jà, ọmọ ibẹ̀ ni. Ó ní ilé tuntun lè dára, ṣùgbọ́n sàréè ìyá òun àti oko ewé bay tí àwọn fi ń ṣe òróró wà lọ́hùn-ún. Inú mi kì í dùn sí i rárá: èéfín tó ń mú òkun gbóná, àwọn ará Dominica kọ́ ló tú u jáde. Ṣé ẹ ṣì ń gbúròó màmá yẹn?

*

Àbúrò, ẹ ṣeun. A ṣì jọ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kan òrùlé mìíràn. Síkúrúù ni wọ́n lò, wọ́n sì fi irin de igi rẹ̀ mọ́ ògiri. Bí oṣù Kẹfà bá ti wọlé, tí ìgbà ìjì bẹ̀rẹ̀, á pè mí pé òun ti pọn omi.