Àjọrà, àjọlò, àjọní: èwo ni iná wa?

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin tí a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún mini-grid, ìyẹn iná tí wọ́n ṣètò fún abúlé tàbí àdúgbò kan. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pe mini-grid ní «ìsokọ́ra iná kékeré». Ó sàn ju «akoj» tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ ń kó fún wa dípò «grid» lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló ń fi kọ́ńsónáǹtì parí?

«Kékeré» yẹn ni mi ò gbà. Ìlànà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, gbé jáde lọ́dún 2016 gbà á láàyè dé megawatt 1, ìyẹn kilowatt 1,000. Èyí tó wà ní abúlé Gbamu Gbamu, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún, tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ láti 2018, kilowatt 85 ni. Megawatt 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 12 rẹ̀, «kékeré» sì ni méjèèjì ń jẹ́! Ohun tó ya irú iná yìí sọ́tọ̀ ni pé ìdí rẹ̀ ni orísun rẹ̀ wà: sólà tirẹ̀, bátìrì tirẹ̀, wáyà tirẹ̀. Ó lè so mọ́ iná ìjọba, bí ìyẹn bá sì kú, ó lè já ara rẹ̀ gbà. «Iná adádúró» ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó sì ní ká pe àìtètèkú rẹ̀ ní «ìfaradà», ẹ jọ̀ọ́, àwa tó ń jókòó sókùnkùn là ń fara dà á, kì í ṣe iná.

Àbúrò kan wá ní «iná àjọní» ló tọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tíráńfọ́mà àdúgbò wa jó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oṣù mẹ́rin la fi dáwó. Ìyá ẹlẹ́ja tútù tó kọjú sí wa dá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹja ti rà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí tuntun dé, a jó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn òṣìṣẹ́ iná fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tiwọn sí i lára, wọ́n sì fa wáyà láti ara rẹ̀ lọ sí àdúgbò kejì. A ní àwa la rà á. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gun ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Àjọrà nìyẹn. Ti Gbamu Gbamu, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló kọ́ ọ, àwọn ará abúlé ń sanwó iná: àjọlò ni, mi ò sì fi bú u. Àmọ́ àjọní kọ́.

Ẹ tún fetí sí ẹnu wa. Láti 2005 ni NEPA ti pààrọ̀ orúkọ, síbẹ̀ «NEPA ti mú iná lọ» là ń wí, tàbí «wọ́n ti mú un lọ». Ta ni «wọ́n»? Níbi tí iná bá ti jẹ́ àjọní lóòótọ́, ohun tí màá retí ni «a ti pa á, bátìrì ò lágbára mọ́».

Nítorí náà, adádúró fún gbogbo wọn. Àjọní fún èyí tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n, «ìsokọ́ra» yín dára fún òpó àti wáyà rẹ̀. «Kékeré» nìkan ni kí ẹ bá mi yọ.