Wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò mi ní Jámánì torí ó gún iyán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣé ìkórìíra ni àbí àṣà wọn ni?

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọjọ́ mẹ́rin, mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé òkè òkun bá mi dá sí i.

Àbúrò mi obìnrin, ẹni tí wọ́n bí tẹ̀lé mi gan-an, Jámánì ló wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ níbẹ̀. Oṣù méje rèé tó ti ń gbé nínú fúláàtì kan, àjà kẹta. Sọ́ńdè tó kọjá iyán ń wù ú jẹ, ó ti ra iṣu Gánà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn adúláwọ̀, owó tó fi rà á kò ṣeé sọ létí màmá wa, ó sè é, ó gbé odó kékeré tí màmá dì sáàárín aṣọ fún un nígbà tó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Aago méjì ọ̀sán o, kì í ṣe òru. Kò tíì gún un kúnná tó fi gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ẹ̀ ni, ó ní Sọ́ńdè lòní, ó nàka sílẹ̀, ó yíjú padà, ó lọ. Kò kí i, kò béèrè pé kí ló ń ṣe. Àbúrò mi da iyán ọ̀hún nù pẹ̀lú kókó nínú, kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ìgbà tó pè mí lálẹ́ ẹkún ló ń sun, ó ní látìgbà tí òun ti dé ilé yẹn kò sẹ́ni tó yà wo òun rí, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ òun.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Èmi tí mo wà l'Ọ́jọ̀ọ́ níbí, kí n tó dé ojú títì láàárọ̀ mo á ti kí tó èèyàn mẹ́wàá, ẹ kú iṣẹ́ fún ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ kú ìjókòó fún bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kú ọjà fún ìyá alákàrà. Tó bá sì jẹ́ ilé wa ni wọ́n ti gbọ́ ìró odó, wọ́n á ní ẹ bu tiwa sílẹ̀ o. Ìró odó tó jẹ́ ohun ayọ̀ létí wa, báwo ló ṣe wá di ẹ̀ṣẹ̀? Màmá wa ti ń sọ pé kó máa bọ̀ nílé. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrònú o. Ẹ tètè bá màmá sọ̀rọ̀ kí wọ́n má pe ọmọ náà wálé. Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Leipzig, ní Jámánì kan náà, ohun tó ṣe é yẹn ti ṣe mí rí. Tèmi ò tiẹ̀ kan iyán, kọ́tìnì ni mo fẹ́ fi kọ́, mo fi dírìlì lu ògiri láàárọ̀ Sọ́ńdè, èèyàn mẹ́ta ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Sọ́ńdè ní Jámánì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, òfin ni. Ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ti 1919, wọ́n wá gbé e bó ṣe wà wọnú ti 1949, pé ọjọ́ ìsinmi ni Sọ́ńdè, òfin sì ń dáàbò bò ó. Ìdí ẹ̀ rèé tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń tì pa lọ́jọ́ náà, àfi ilé epo, ibùdókọ̀ ojú irin, àti àwọn oníbúrẹ́dì fún wákàtí díẹ̀. Èèyàn ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ gé koríko, èèyàn ò gbọdọ̀ kan ìṣó. Kódà àpótí ńlá tí wọ́n ń ju ìgò òfìfo sí lójú pópó, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kẹ́nì kankan má ju ìgò síbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, torí ariwo tó ń pa. Láwọn ọjọ́ yòókù, láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, kẹ́kẹ́ gbọ́dọ̀ pa. Ọmọ Jámánì paraku tó bá gbé odó sọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á kan ilẹ̀kùn tiẹ̀ náà.

Àmọ́ pé wọn kì í kíra wọn yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kíra ni kì í ṣe ibi tí àwa ti ń kíra. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ wọ yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, gbogbo àwọn tó jókòó lẹ máa kí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò mọ̀ wọ́n rí o, wọ́n á dáhùn, tẹ́ ẹ bá sì ń lọ ẹ máa dágbére. Nínú ẹlifétọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni, àti ṣọ́ọ̀bù kékeré. Níbi iṣẹ́, tó bá ti di ọ̀sán, ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́nà ibi oúnjẹ á ní "Mahlzeit", bíi ẹní ń sọ pé ẹ kú oúnjẹ, ẹ̀yin náà á dá a padà fún un. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi ní Bẹẹrẹ láti sọ fún wọn, torí ìkíni àsìkò ni, irú tiwa gan-an. Ojú títì ìlú ńlá ni wọn kì í ti í kí ẹni tí wọn ò mọ̀, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ béèrè nǹkan ni. Ní abúlé wọn, wọ́n ń kí tajá tẹran.

Ohun kan wá wà tí àbúrò yín ò mọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ló ń lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó bá nílé, á ní èmi lágbájá nìyí, àjà kẹta ni mo kó sí. Òun ń retí kí wọ́n wá kí òun káàbọ̀, àwọn náà ń retí kó wá fara ẹ̀ hàn, ibẹ̀ ni oṣù méje gbà lọ. Kó lọ báyìí, kò tíì pẹ́ jù. Tó bá sì fẹ́ ṣe àlejò, kó lẹ ìwé pélébé mọ́ ibi àtẹ̀gùn ṣáájú, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ariwo lè wà lọ́jọ́ báyìí. Iyán, kó gún un lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo ìwé òfin ilé wọn, àwọn ilé kan ṣì ń sinmi láàárín aago 1 sí aago 3 ọ̀sán.

Títì Challenge

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Ọmọ Bẹẹrẹ sọ, mo sì gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi gbogbo nǹkan bo àṣà lórí. Manchester ni mo wà fún ọdún mẹ́rin, aládùúgbò kan fi ojú mi rí màbo. Mi ò pariwo o, ọmọ mi tó ń sáré nínú ilé ni, àwọn ọmọ tó wà ní fúláàtì kejì náà ń sáré, ti wọn ò dùn ún, tèmi nìkan ló ń dùn ún, mo ń kí i láràárọ̀, kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan. Ìyẹn kì í ṣe àṣà.

Kí àbúrò wo ìwọ̀nyí dáadáa: ṣé ìyá yẹn ń kí àwọn tó kù? Tí ẹlòmíì bá pariwo lọ́jọ́ Sọ́ńdè ṣé ó ń lọ bá wọn? Ìgbà tí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn ńkọ́? Tó bá jẹ́ òun nìkan ni ojú rẹ̀ ń korò sí, kó máa kọ ọjọ́ àti àsìkò sílẹ̀, kó sì sọ fún onílé. Kó má ṣáà dá jókòó kó máa sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ẹni tó kó dé tí Ọmọ Bẹẹrẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Mo gbé Ọsákà ní Japan fún ọdún méjì, ilé ẹ̀kọ́ ló gbé mi lọ. Ọjọ́ tí mo kó wọlé, ẹni tó bá mi wá ilé ní kí n ra táwẹ́ẹ̀lì kéékèèké kí n fi bébà tó dáa wé e, kí n mú un lọ fún àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì mi, lókè orí mi àti nísàlẹ̀. Mo rò pé rìbá ni. Mo ní kí ni mo jẹ wọ́n? Ó ní rárá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyẹn, ilé mẹ́ta tó kọjú sí ẹni àti méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń kà sí aládùúgbò. Mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn, mo tẹ ara ba, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo gbọ́ nínú èdè wọn nígbà yẹn.

Ẹ wò ó, èmi tí wọ́n tọ́ nílé tí ọmọ kì í ti í na ọwọ́ òsì sí àgbà, títẹríba yẹn ò ṣòro fún mi rárá, ara mi ti mọ̀ ọ́n. Àwọn òyìnbó tá a jọ wà ní kíláàsì ló ń ni lára. Ohun tó ni èmi lára ni ìdákẹ́jẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ á kún fọ́fọ́ bíi mọ́tò Ìwó Road lọ́jọ́ ọjà, kò ní sẹ́ni tó máa gbé fóònù sétí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ mo rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni. Nígbà tó yá mo rí i pé wọ́n ń fún ara wọn láyè ni, ẹni tó ti iṣẹ́ dé tó ń sùn, wọn ò fẹ́ jí i. Ìwọ̀sí kọ́, ìtọ́jú ni, àwa kàn ń fi ohùn ṣe tiwa ni.

Ẹ̀gbọ́n Stuttgart

Mo kí gbogbo ilé. Apá ibi tí mo wà ní Jámánì, ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ wà, wọ́n á gbé páálí kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà yín, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ yín ló kàn láti gbá àtẹ̀gùn àti iwájú ilé. Ẹ má fi í ṣeré, ìyá Jámánì lè dárí ariwo jì yín, kò ní dárí àtẹ̀gùn tẹ́ ò gbá jì yín. Ẹ sọ fún àbúrò kó wò ó bóyá irú ẹ̀ wà nílé tiẹ̀. Ohun mìíràn, tí àwọn tó ń pín ẹrù bá dé tẹ́ ò sí nílé, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ń gbé e sí. Ibi tí èmi àti bàbá òdìkejì mi ti mọra gan-an nìyẹn.

Bàbá Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá Ìbejì, mo bá ọmọ yẹn kẹ́dùn, iyán téèyàn dà nù nílẹ̀ àjèjì kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi n'Íbàdàn níbí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, kò sẹ́ni tó ń dáná, ọjà ò ní ná. Ẹ̀kọ tútù la máa ń jẹ. Ẹ̀yin náà mọ oríkì wa, Ìbàdàn ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu, ìgbà tí àwọn baba ńlá wa sá gun orí òkè tó jẹ́ èso òro àti ìgbín ni wọ́n rí jẹ, òun la fi ń rántí. Ayálégbé kan wà nílé wa, akọ̀wé ni, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sẹ́ni tó là á yé e, ó tan sítóòfù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá tó bí ìyá mi ló lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọn ò kí i, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n nàka sí iná, wọ́n ní kó pa á. Ìyàwó ẹ̀ sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ní ará Ìbàdàn burú. Lọ́jọ́ kejì, kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, ìyá mi àgbà yìí kan náà ló gbé omi gbígbóná lọ síbẹ̀ láti wẹ ọmọ fún un, wọ́n sì ń wẹ̀ ẹ́ títí ọmọ fi jókòó.

Àwọn tó dó ìlú yìí ní nǹkan bí 1829, ọmọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, kálukú ló gbé èèwọ̀ tiẹ̀ dání. Ṣé ẹnì kan lè sọ pé wọn ò ṣẹ ara wọn? Kó lọ kí ìyá yẹn. Kó má lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn wọ̀ mí lára.

Ìyá Ìbejì, kí n má gbàgbé, tí ọjọ́ ìbí àbúrò bá ń bọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé kéèkì lọ síbi iṣẹ́ o, kó má jókòó máa retí kí wọ́n ra kéèkì fún òun. Kò sì gbọdọ̀ kí ará Jámánì kú ọjọ́ ìbí ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n gbà pé ó ń fa oríburúkú. Nẹ́dálándì tó múlé gbè wọ́n, ìyá, bàbá àti àbúrò ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí ni wọ́n tún ń kí kú oríire, bí àwa ṣe ń kí gbogbo ẹbí ẹni tó ń náwó.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ́

Ẹ ṣé gan-an ni, mo kúnlẹ̀ fún Bàbá, mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi lórí fóònù, màmá wa jókòó tì mí, ìgbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Bàbá Òkè-Àdó wọ́n ní kí n tún un kà. Àbúrò ti wo ohun tí Títì Challenge sọ, ó ní lóòótọ́ ìyá yẹn ti lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin Jámánì kan lájà kejì nítorí orin. Ló bá din dòdò díẹ̀ pẹ̀lú pọ́ọ̀fù, ó kọ orúkọ ẹ̀ sí bébà, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Ìyá gbà á, ó ní "Danke", ìyẹn ẹ ṣé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi tún fẹ́ bínú, mo ní kó ṣe sùúrù.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè ó ti iṣẹ́ dé, ó bá páálí ẹrù kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, èlùbọ́ àti irú tí mo fi ránṣẹ́ ni, ìyá yẹn ló ti bá a gbà á, ó sì gbé e gun àjà kẹta fúnra ẹ̀. Abọ́ tó fi gbé dòdò lọ wà lórí ẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́. Àbúrò mi ní irú yẹn ń rùn jáde nínú páálí débi pé ojú ń ti òun, ṣùgbọ́n ìyá ò sọ nǹkan kan.

Sátidé yìí ló fẹ́ tún iyán gún, lẹ́yìn aago mẹ́ta. Ó ń béèrè bóyá tó bá tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ odó ìró ẹ̀ á dín kù, ṣé ẹni tó ti ṣe é rí wà níbí?