EEG àbúrò mi jáde ó ní kò sí nǹkan kan, àmọ́ dókítà ṣì ní wárápá ni

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ̀:
Ẹ̀yin ará ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, nǹkan kan ti gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù díẹ̀, èkejì ṣojú mi kòrókòró. À ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ó kàn dédé dákẹ́, orí ẹ̀ yí sápá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gbogbo ara ti le gbagidi, ó ti ṣubú, itọ́ ń yọ lẹ́nu. Nígbà tó dáwọ́ dúró ó sùn lọ fọnfọn, ó jí, kò rántí nǹkan kan. Wọ́n wá ṣe EEG fún un, wọ́n lẹ wáyà kiri orí ẹ̀, kò ju ìdajì wákàtí lọ, èsì ní "normal". Dókítà wò ó tán ó ní wárápá ṣì ni, kó máa lo oògùn ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni kò yé mi. Bí ẹ̀rọ tó ń wo ọpọlọ bá ní kò sí nǹkan, kí la tún ń lo oògùn fún? Bàbá wa ti ní kó dá a dúró.

OníWáyà21:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, iṣẹ́ EEG ni mò ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó dá oògùn yẹn dúró.

Iná kékeré kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ò gbọ́ ti ẹyọ kan, àpapọ̀ ti àìmọye wọn ló máa ń gbọ́, tó bá sì fi máa la egungun orí kọjá dé awọ, ó sábà máa ń wà lábẹ́ 100 microvolt (microvolt kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù volt). Bí èèyàn bá dijú jẹ́ẹ́, ẹ máa rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ìgbì rọra ń yí lọ yí bọ̀ lẹ́yìn orí, bíi 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá ṣe lajú báyìí, ìgbì yẹn pòórá. Hans Berger ní ìlú Jena ní Jámánì ló kọ́kọ́ gba irú ẹ̀ sílẹ̀ lórí èèyàn lọ́dún 1924, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1929.

Ní ti wárápá, àwọn sẹ́ẹ̀lì apá kan á kàn ṣàdédé ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà á wá yọ ṣóńṣó lójú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ṣóńṣó yẹn kì í yọ ní gbogbo ìgbà. Ó lè má yọ rárá ní ìdajì wákàtí tí ẹ lò níbẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ló ti ń ta, wáyà orí lè má gbọ́ ọ. Ẹni tó yọjú lójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ tí kò rí ẹnikẹ́ni, ṣé ó lè ní èèyàn kì í gba ọ̀nà yẹn ni? Nínú àwọn tó ní wárápá lóòótọ́, bí ìdajì péré ni EEG àkọ́kọ́ máa ń mú. Orí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni dókítà yín dúró lé, ó sì tọ̀nà.

Màámi_Adùkẹ́:
Ti ọmọ tèmi yàtọ̀ sí tiyín, òun ò ṣubú rí, ó kàn máa ń wò sùn-ùn ni, tíṣà ní kì í fọkàn síṣẹ́. Nígbà EEG wọ́n ní kó máa mí kanlẹ̀ léraléra fún ìṣẹ́jú 3. Kò tíì parí tí gbogbo ìlà fi gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú orí àti ẹ̀yìn, ṣóńṣó kan ìgbì kan, ṣóńṣó kan ìgbì kan, bíi 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọmọ mi dá mímí yẹn dúró, ojú ẹ̀ ranjú, lẹ́yìn náà ìlà rọlẹ̀ ó sì ń bá mímí ẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Irú tiẹ̀ ni oògùn wárápá tó ń jẹ́ ethosuximide tàbí valproate máa ń bá mu, oògùn carbamazepine tó ń ran ẹlòmíì lọ́wọ́ lè dá kún un. Torí náà EEG wúlò o, ó máa ń sọ irú èyí tó jẹ́.

Tóbi_L:
Òdìkejì ẹ̀ náà wà o. Àwọn kan wà tí ṣóńṣó yọ lórí EEG wọn tí wárápá ò mú rí láyé wọn. Ìwé EEG nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń fún èèyàn lóògùn.

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni, ó ti ń yé mi. Kí la wá lè béèrè lọ́wọ́ dókítà? Bàbá wa tún ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yẹn ń fi iná sí i lórí.

OníWáyà21:
Ẹ sọ fún bàbá pé ẹ̀rọ ò fi iná kankan sí i lórí, ṣe ló ń gbọ́ èyí tó ń ti inú ọpọlọ jáde. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè tún EEG ṣe lẹ́yìn tí kò bá sùn dáadáa lóru, kó wá sùn lórí ẹ̀rọ, torí oorun máa ń fa ṣóńṣó yẹn jáde. Èyí tí wọ́n ń fi fídíò ká mọ́ ọn fún ọjọ́ mélòó kan náà wà. Ẹ béèrè MRI pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ.

Ohun tẹ́ ẹ kọ nípa orí tó yí sí ọ̀tún àti ọwọ́ ọ̀tún tó kọ́kọ́ gbọ̀n, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá tún mú un, kí ẹnì kan fi fóònù ká a, kí ẹlòmíì wo aago. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki síbí tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 5 ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Oògùn tí wọ́n já lójijì wà lára ohun tó máa ń fa irú èyí tí kì í tètè dúró yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ̀:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá wa. Wọ́n ní kó máa lo oògùn ẹ̀ lọ, àwọn fúnra wọn á tẹ̀ lé wa lọ bá dókítà.