Ìmọ̀ràn: Ìbọn AR-15 àlòkù wo ni kí n rà, 1:7, 1:8 tàbí 1:9?

Adé_Texas: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. AR-15 àlòkù ni mo fẹ́ rà ní Texas níbí, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 16. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń ba oko jẹ́ ni mo fẹ́ fi máa pa, màá sì máa yìn ín sí pépà ní yáàdì 100. Mo rí 1:7, 1:8 àti 1:9 lára ọ̀pá wọn. Èwo ni kí n mú? Kí ni kí n sì yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

ỌmọAlágbẹ̀dẹ: Àbúrò, nọ́ńbà kejì yẹn ni iye ínǹṣì tí ọta máa rìn nínú ọ̀pá kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ọta ṣe ń yára yí tó. Gígùn ọta ló ń pinnu èyí tó bá a mu. Gíréènì, ìyẹn ìwúwo ọta, la kàn máa ń pè torí òun ni wọ́n kọ sára páálí. Ọta bàbà pátápátá gùn ju èyí tó ní òjé nínú lọ, bí ìwúwo wọn tilẹ̀ dọ́gba, torí bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ. Ibẹ̀ ni 1:9 ti máa ń já èèyàn kulẹ̀.

1:9 ń gbé gíréènì 55 àti 62 dáadáa, àmọ́ tó bá ti kọjá 69, má fọkàn tán an. 1:8 ń gbé 55 títí dé 77. Ní ti 1:7, ọta M856 tó ń tanná lójú ọ̀nà, tó sì gùn gan-an, ló mú kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi í sára ìbọn wọn, M16A2. Kò túmọ̀ sí pé òun ló ń bá ojú àmì jù. 1:8 ni kí o mú.

Ìṣirò Greenhill ti ọdún 1879 wúlò láti mọ ìlọ́ tí ọta ń fẹ́: fi ìbú ọta lọ́nà ara rẹ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po 150, kí o fi gígùn ọta pín in. Ìbú ínǹṣì 0.224, gígùn ínǹṣì 0.9: ó máa fún ọ ní nǹkan bí 8.4. Ọta náà ń fẹ́ 1:8 nìyẹn.

Ọdẹ_Aperin: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ re. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lè ti pààrọ̀ ọ̀pá, nítorí náà wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Yọ máńgásíìnì, fa bóòtì (irin tó ń ti ọta wọnú ọ̀pá) sẹ́yìn, fojú wo ihò tí ọta ń jókòó sí, kí o tún fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà, yọ bóòtì kúrò. Wé àkísà tó fún pinpin mọ́ ọ̀pá ìnubọn tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí fàlàlà, tì í wọlé títí yóò fi wà nínú àwọn ìlà tó lọ́. Sàmì sí òkè ọ̀pá ìnubọn, kí o tún sàmì sí ibi tó ti wọ ìbọn. Fà á jáde díẹ̀díẹ̀ títí àmì òkè yóò fi yípo padà sókè, wọn ibi tó ti kúrò. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí àkísà bá dẹ̀, yóò yọ̀ lórí ìlà, nọ́ńbà tí o máa rí yóò sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìrírí_Irin: Gbé bóòtì yẹn àti irin tó ń gbé e (bolt carrier) sábẹ́ iná. Síkúrù méjì ló di gas key, ìyẹn túùbù kékeré tó ń gba afẹ́fẹ́ gbígbóná, mú lórí irin tó ń gbé bóòtì náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti lu irin etí ihò náà wọnú orí síkúrù, kó bù ú jẹ, kó má lè yí. Bí etí rẹ̀ bá dán pọ́nrán-ún, síkúrù máa dẹ̀ tó bá yá, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa jò, bóòtì ò ní lọ sẹ́yìn tó, péépo ọta á sì há. Wo ẹnu ọ̀pá náà: bí ó bá ṣá tàbí ó yán, ọta á máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Adé_Texas: Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan tí mo rí, ".223 Rem" ni wọ́n kọ sí i. Ṣé ọta 5.56 ò ní bà á jẹ́?

Ọdẹ_Aperin: Má yìn 5.56 nínú rẹ̀, ìtìpá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè ga ju ohun tó yẹ lọ. Ọ̀pá tí wọ́n kọ 5.56 tàbí .223 Wylde sí ni kí o wá. Méjèèjì ń gba oríṣi ọta méjèèjì. Kí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi irin ìwọ̀n NO-GO àti FIELD, tí wọ́n fi ń wọn àyè ibi tí ọta ń jókòó sí, yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bóòtì bá tì lórí FIELD, má rà á. Lórí pépà, ihò gbọ́dọ̀ rí roboto. Bí ó bá gùn bí ojú kọ́kọ́rọ́, ọta ń fẹ̀gbẹ́ lọ nìyẹn, ìlọ́ ọ̀pá náà ò tó o.