Ìdáhùn: "Ìṣesí àyíká" kọ́ là ń wọ̀n lóko ọ̀pẹ

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkòròdú ń ṣe ìwé kékeré fún àwọn olóko ọ̀pẹ àti àwọn tó ń ṣe epo, lórí bí a ṣe ń mọ ohun tí iṣẹ́ wọn ń ṣe sí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Wọ́n pe ìyẹn ní "òdiwọ̀n ìṣesí àyíká". Wọ́n jù mí lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró.

Ìṣesí ta ni? Bí mo bá ní "ìṣesí ọmọ yìí kò dáa", ọmọ ló hùwà. "Ìṣesí àyíká" á wá jẹ́ pé àyíká ló hùwà, òun la sì ń dá lẹ́jọ́. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tó bá da omi ẹkù, ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, sínú rẹ̀ ló ṣe é. "Sí" inú ìṣesí ti kú. Ó ti lẹ̀ mọ́ ìṣe, kò ní àbọ̀ (ẹni tàbí ohun tí a ṣe é sí) mọ́, ọ̀rọ̀ orúkọ tó bá sì tẹ̀ lé e ló ni ìwà. Bí a bá fẹ́ kí "sí" ṣiṣẹ́, inú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà ni kí àyíká wọ̀, bí àgbà ṣe wọ inú ìbọ̀wọ̀fágbà: ìṣe-sí-àyíká oko, ìṣe-sí-àyíká ẹkù. Oko ló ṣe é, àyíká la ṣe é sí.

Ẹni tó ní kí a pa fáwẹ̀lì jẹ kó di "ìṣesáyíká", ohùn ìsàlẹ̀ orí àyíká ńkọ́? Èmi ń gbọ́ ọ níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ nù.

Ẹ wo ohun tí à ń wọ̀n gan-an. Tọ́ọ̀nù epo kan tó bá ti ilé iṣẹ́ ńlá jáde, omi ẹlẹ́gbin bíi tọ́ọ̀nù 2.5 sí 3.5 ló ń bá a rìn. Lítà kan omi yẹn lè gba nǹkan bíi míligíráàmù 25,000 ọ́síjìn bí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ṣe ń jẹrà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá wọ odò, èyí tí ẹja fi ń mí ló máa kó. Òfin tí Malaysia kọ́kọ́ ṣe ní 1977 wá fa iye ọ́síjìn tí lítà kan omi ẹlẹ́gbin lè gbà wálẹ̀ dé míligíráàmù 100. Bí wọ́n bá sì gbá a jọ sínú kòtò gbalasa, mẹ́táènì, afẹ́fẹ́ kan tó ń jó bíi gáàsì ìdáná, á máa ru jáde, èyí tó ń mú ayé gbóná tó ìlọ́po 28 kábọ́ọ̀nù dàósáìdì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó gba mẹ́táènì yẹn dáná, tó kó ìdì tí wọ́n ti gbọn ẹyìn rẹ̀ kúrò padà sí ìdí ọ̀pẹ, ìṣe-sí-àyíká tirẹ̀ dára. Ẹni tó fa omi gbẹ lórí ilẹ̀ àbàtà kó tó gbin ọ̀pẹ, bí wọ́n ti ṣe púpọ̀ ní Indonesia, tirẹ̀ burú. Ènìyàn ló wà nídìí gbogbo rẹ̀.

"Òdiwọ̀n" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. 100 yẹn ni òdiwọ̀n, ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Iye tí a bá nínú omi lọ́jọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ̀n ni.

Àbúrò wa láti Àgbádárìgì ní "ilé ìfúntí epo" ló yẹ ilé iṣẹ́ ńlá, pé ẹkù kéré jù. Àbúrò, ọtí wà nínú ìfúntí! Báwo la ṣe fẹ́ fún ọtí àti epo pọ̀? Ìyá ìyá mi kò pè é ní nǹkan mìíràn ju ẹkù lọ, inú ẹkù sì ni epo tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà Èjìnrìn ti ń jáde. Oko tó di ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, ṣé kì í ṣe oko mọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kí ìwé náà tó dọ́wọ́ àwọn olóko, ẹ jẹ́ kí àkọlé rẹ̀ di "Ìwọ̀n ìṣe-sí-àyíká oko ọ̀pẹ àti ẹkù". Bí ti ẹkù kò bá tíì wọ̀ yín létí, a ṣì máa jọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n "sí" yẹn, mi ò ní fi sílẹ̀.