Èsì: «Èébú ojú-ìwé» kọ́ ni o. Bíbú yàtọ̀ sí bíbàjẹ́

Ẹ̀yin ará, òkun o.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ Àìkú, mi ò dá sí i. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè mọ ibi tí a bá a dé: ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsánlú ló béèrè ohun tí a lè máa pe làíbẹ́lì tí àwọn lọ́yà ń sọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a kọ tó ba orúkọ ènìyàn jẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n dábàá «èébú ojú-ìwé», wọ́n sì fi «èébú ẹnu» tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún èyí tí a fẹnu sọ. Àbúrò wa tó ń kàwé ní Lọ́kọ́ja ò gbà, «àkọbanijẹ́» ni tirẹ̀. Ẹnìkan tún ní ká kúkú máa pè é ní làíbẹ́lì, ká lọ sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibi «èébú» yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ṣe ní kóòtù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Títí di òní, àwọn lọ́yà ní Kàbà ṣì máa ń gbé ìwé wá fún mi pé kí n bá àwọn túmọ̀ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wọn, lọ́hùn-ún ní Ìjùmú, wá bá mi nílé. Fóònù ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n mú dání. Gíláàsì rẹ̀ ti sán, ìlà tó sán náà sì gba àárín ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n kà kọjá, àfi ìgbà tí mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kí n tó kà á tán, wọ́n bi mí pé:

«Ọmọ mi, ṣé bú ni wọ́n bú mi, àbí wọ́n bà mí jẹ́? Tó bá jẹ́ èébú ni, màá fi sílẹ̀. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń bú mi.»

Ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì òfin rí ló là á sí méjì báyìí. Ohun mẹ́ta ló wà lójú fóònù náà, mo kọ wọ́n síbí bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n, láìsí àmì kankan. Àkọ́kọ́: «Baba agba ti ko nitiju, ori e o pe.» Ìkejì, láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin mìíràn: «Baba je wa lowo transformer, ki won jade wa soro.» Ẹ̀kẹta ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Àwòrán ilé bàbá ni, pẹ̀lú páànù tuntun tó ń dán lórí rẹ̀, ojú ẹlẹ́rìn-ín mẹ́sàn-án sì tò sábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó dun bàbá jù ni ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe «kò nítìjú» ló dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe «orí ẹ». Ọmọ tí wọ́n gbé lọ́wọ́ nígbà ìkómọ fi «ìwọ» bá wọn sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ìlú! Èmi náà gbà pé ó burú. Ṣùgbọ́n lójú òfin, èyí ló fúyẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ló máa kà á tí yóò gbà lóòótọ́ pé orí bàbá ò pé? Ẹni tó kà á yóò kàn mọ̀ pé inú ń bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni.

Ilé-ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé. Nínú ẹjọ́ Bakare àti Ishola, ní Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ní 1959, níbi tí wọ́n ti ń jà ni ẹnìkan ti pe ẹnìkejì ní olè, ó pè é ní ẹlẹ́wọ̀n, ó tún ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé ni. Ilé-ẹjọ́ ní èébú lásán ni, nítorí pé inú ìbínú ni wọ́n ti sọ ọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ náà sì mọ̀ pé ìjà ló ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu ṣá, torí «ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé» fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìròyìn létí mi. Ká ní ẹnìkan jókòó jẹ́ẹ́ tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ló sọ ọ́ di èébú.

Ẹ wò ó báyìí: èébú gan-an ni òfin ń yọ sílẹ̀ nínú làíbẹ́lì. Tí a bá wá sọ làíbẹ́lì ní «èébú ojú-ìwé», a ti fi ohun tí òfin lé jáde ṣe orúkọ onílé. Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá ní «èébú lásán ni èyí, kì í ṣe èébú ojú-ìwé», kí ni ògbufọ̀ fẹ́ sọ fún bàbá tó dúró níwájú?

Ó wá ku «àkọbanijẹ́». Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ náà dára létí, bí o sì ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ tọ̀nà: à-kọ-ba-ẹni-jẹ́, bíi ti àkọsílẹ̀. Àwa náà sì ti ní abanijẹ́ tipẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń gbàdúrà kí wọ́n má pàdé rẹ̀. (Ṣùgbọ́n bí o bá ń tẹ̀ ẹ́, ṣọ́ra. Mo ti rí ibi tí ẹnìkan ti fẹ́ kọ ìbanijẹ́, tí ìbànújẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, tí ìwé ìpẹ̀jọ́ wá dà bí ìwé ìkéde òkú.) Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ ni «kọ» tó wà níwájú. Àwòrán páànù yẹn ńkọ́? Ta ló kọ nǹkan kan? Síbẹ̀ òun gan-an ló sọ fún gbogbo ìlú ibi tí owó trànsífọ́mà gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún rántí òfin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá ní 1960, ló bá wa dé ibí, láti ìgbà tí a ti wà ní Kabba Province, a gbé e gba Kwárà kọjá, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991. Abala 391 rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni: ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ tí a kọ, èyí tí ẹ̀rọ gbé jáde, àmì, àwòrán. Ohun tó ń béèrè ni pé ṣé o fi nǹkan kan ẹnìkan, tí o mọ̀ tàbí tó yẹ kí o mọ̀ pé yóò ba orúkọ rẹ̀ jẹ́? Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ló lè já sí. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn níbí, odi tó wà láàárín «ojú-ìwé» àti «ẹnu» ò sí rárá. Inú ẹjọ́ owó gbà-má-bínú ẹni-sí-ẹni, èyí tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni odi náà ṣì wà: ọ̀rọ̀ tí a kọ, kò dìgbà tí o bá fi hàn pé o pàdánù nǹkan; ọ̀rọ̀ ẹnu, àfi kí o fi hàn, àyàfi irú bíi kí wọ́n fi ọ̀ràn tó ní ẹ̀wọ̀n nínú kàn ọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ odi náà pàápàá, íntánẹ́ẹ̀tì ti ń mì ín mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2008, nínú ẹjọ́ Smith àti ADVFN ní London, Adájọ́ Eady wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń jù síra wọn níbi ìjíròrò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní lóòótọ́ kíkọ ni wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó jọ ọ̀rọ̀ ẹnu ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn ń tàkurọ̀sọ níbi ọtí. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìlú rẹ̀ mọ ohun tí adájọ́ yìí ń wí. Ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n sísọ là ń sọ ọ́. Mo ti ń lo «àtẹ̀sọ» fún un nínú ìtumọ̀ mi: a ti ní àtẹ̀jíṣẹ́ fún iṣẹ́ tí a tẹ̀ rán, àtẹ̀sọ ni èyí tí a tẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe pé àtẹ̀sọ ò lè bani jẹ́ o. Ní 2017, kóòtù London kan náà ní kí ìlúmọ̀ọ́ká oníròyìn kan san 24,000 pọ́n-ùn nítorí àtẹ̀sọ méjì péré tó fi sórí Twitter.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí, ẹjọ́ èdè ni. Ní 2012, obìnrin kan ní England kọ ọ́ sórí Facebook, fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ àtijọ́ wá ń bá gbé, pé ọkùnrin náà gbìyànjú láti fún òun lọ́rùn. Ọkùnrin náà pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, ó rí ìtumọ̀ méjì fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, «strangle»: kí a fún ènìyàn lọ́rùn títí yóò fi kú, tàbí kí a fún un lọ́rùn kó dùn ún. Ó ní níwọ̀n bí ọrùn ti di fífún, «gbìyànjú» ò lè bá ìkejì mu, ti àkọ́kọ́ ló kù, ìyẹn ni pé obìnrin náà pe ọkọ rẹ̀ ní apààyàn tí kò rí i ṣe. Ó di 2019 kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá a nù. Ẹni tó ń wo Facebook kì í dúró ṣí ìwé atúmọ̀, wọ́n ní. Ó ń sáré kọjá ni, ohun tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ìtumọ̀, ohun tí yóò sì sọ sí i lọ́kàn ni pé ọkùnrin náà rá obìnrin náà lọ́rùn mú.

Ká ní Yorùbá ni obìnrin náà kọ, kò ní gba ọdún 7. «Ó fún mi lọ́rùn»: obìnrin náà ń bẹ láàyè, a ti gbọ́. «Ó fẹ́ fún mi lọ́rùn pa»: apààyàn nìyẹn. «Pa» kékeré yẹn ló máa dá ẹjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí a má yọ̀ jù, torí àtẹ̀sọ ìkejì tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípa bàbá, èdè tiwa ló fi wá sínú wàhálà. «Bàbá jẹ owó wa» kò ní iyèméjì: ó kó o mì. «Bàbá jẹ wá lówó»: gbèsè ni, kí wọ́n san án. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ ti di ìyẹn mú báyìí. Ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni lólè, gbèsè lòun sọ, òun tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún bàbá, ẹ ò rí i pé «kí wọ́n jáde» lòun kọ? Òótọ́ ni, ó bọ̀wọ̀. Ẹni tó bú bàbá fi «ìwọ» bú wọn. Ẹni tó bà wọ́n jẹ́ fi «wọn» bà wọ́n jẹ́.

Tí a bá sì fi ojú ẹjọ́ ti 2019 yẹn wò ó, kí ni àwọn tó kà á gbọ́? Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ni páànù bọ́ sójú. Ta ló ń fi àwòrán òrùlé ẹni dáhùn ọ̀rọ̀ gbèsè? Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tí wọ́n jọ máa ń dá owó ò fún bàbá ní àjọ tirẹ̀ mọ́, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó kí wọn dáadáa ṣá.

Nítorí náà, ìbanilórúkọjẹ́ tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ni mo dì mú. Ó gba ẹnu, ó gba ìwé, ó gba fóònù, ó gba àwòrán páànù. Bí lọ́yà bá fẹ́ kí n ya ti ìwé sọ́tọ̀, màá ní ìbanilórúkọjẹ́ alákọsílẹ̀. Ẹni tó ní ó gùn jù, ṣebí ojoojúmọ́ ni rédíò ń pe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, eyín kankan ò sì ká.

Ẹnìkan béèrè òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, abala 24. Wọ́n ti tún un ṣe ní 2024, lẹ́yìn tí Kóòtù ECOWAS ti bẹnu àtẹ́ lù ú ní 2022. «Ó bí mi nínú» nìkan ò tó mọ́ láti fi mú ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Irọ́ tí a mọ̀ pé irọ́ ni, tí a fi fẹ́ dá ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí sínú ewu, ló ń wá báyìí. Ọ̀rọ̀ bàbá ò dé ibẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ ìrànlọ́wọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi èdè wa sọ, kóòtù ń fẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti túmọ̀ «orí ẹ ò pé». Mo fi àyè sílẹ̀ níwájú «je wa lowo», nítorí ọmọkùnrin náà tún ní ìlú ìyá òun ní Bùnú ni òun ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà, pé níbẹ̀, gbèsè nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ sí i. Ẹ̀yin ará Bùnú tó wà lórí ìlà yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí ìyá àgbà yín bá sọ pé «lágbájá jẹ wá lówó», kí lẹ máa gbọ́? Ọjọ́rú ni lọ́yà máa wá gba ìwé náà.

Èmi ni, láti Kàbà.